Kí ló dé tí póótálì ilé ẹ̀kọ́ fi dá páropáro, tí WhatsApp sì ń hó gèè?

Àkànjí_400L
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Prójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mi ni mò ń kọ lọ́wọ́, lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ṣe gba ẹ̀kọ́ orí ayélujára sí. Ilé ẹ̀kọ́ wa ní póótálì tó dùn ún wò. Àwọn lẹ́kíṣọ̀ ń gbé hándáàtì sí i, ààyè wà níbẹ̀ láti béèrè ọ̀rọ̀, ààyè wà láti wo fídíò. Gbogbo kíláàsì wa ló ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, torí pé dandan ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ibẹ̀ nísinsìnyí, ẹ ò ní bá ẹnì kankan. Orí WhatsApp ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Kíláàsì rẹ́ẹ̀pù, ìyẹn aṣojú kíláàsì wa, nìkan ló ń lọ wa hándáàtì sórí fóònù láti orí póótálì, á jù ú sí gúrúùpù, ó parí.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n lo ìlànà tí olùwádìí kan, Fred Davis, gbé jáde ní 1989. Davis ní nǹkan méjì ló ń mú èèyàn gba ẹ̀rọ tuntun: kó rí i pé yóò ṣe òun láǹfààní lẹ́nu iṣẹ́, kó sì rí i pé lílò rẹ̀ kò ní ni òun lára. Mo ti pín ìwé ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé póótálì wúlò, pé ó rọrùn. Àwọn yìí kan náà ni kì í ṣí i! Ẹ bá mi dá sí i. Kí ló mú ẹ̀yin gbà á, kí ló mú yín kọ̀ ọ́?

Dátà_Ti_Tán
Ẹ̀gbọ́n Àkànjí, ṣé kò síbi tí ẹ ti béèrè ọ̀rọ̀ owó nínú ìwé yín ni? Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló jẹ́ pé dátà WhatsApp nìkan ni èmi ń rà, torí òun lọ́wọ́ mi ká. Bí kíláàsì rẹ́ẹ̀pù bá ju PDF sí gúrúùpù, á wọlé. Bó bá ju líǹkì póótálì, wíwò ni mo máa wò ó títí. Mo mọ̀ pé póótálì wúlò. Mọ́tò náà wúlò, èmi ṣì ń fẹsẹ̀ rìn.

Látìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, mo ti fi fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ olówó.

Ìyá_Ìbejì_Agége
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti àwa tí à ń kàwé mọ́ iṣẹ́. NOUN, fásitì ọ̀nà jíjìn ti ìjọba àpapọ̀, ni mo wà. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe ní Ìkẹjà. Kí n tó délé, ilẹ̀ á ti ṣú, àwọn ọmọ á ti máa wojú mi fún oúnjẹ. Kíláàsì wo ni mo fẹ́ lọ jókòó sí láago mẹ́wàá àárọ̀? Bí kì í bá ṣe ti orí ayélujára, mi ò bá ti gbàgbé fásitì.

Ìwé kọ́ọ̀sì NOUN wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojú-òpó wọn. Mo ti wa gbogbo ti sẹ̀mẹ́sítà yìí sórí fóònù níbi iṣẹ́, níbi tí Wi-Fi wà. Orí ìlà BRT ni mo ti ń kà á. Asáínmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní TMA, tó ní máàkì 30 nínú 100, alẹ́ ni mò ń ṣe é, lẹ́yìn táwọn ìbejì bá ti sùn. Màá fi fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì oúnjẹ, màá ṣí ìwé àjákọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tẹ ìdáhùn. Oorun á máa kùn mí, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni àkókò yẹn.

Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo gbà á. Èmi ni mo wá a lọ.

Ọmọ_Òkè_Ògùn
Ṣakí ni ilé wa. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, tí ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa, tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, náà sì wà lórí ìyanṣẹ́lódì láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní fásitì aládàáni ń ṣe kíláàsì lórí Zoom, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò. Àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba jókòó sílé. Mo jowú wọn, kí n má purọ́. Nígbà tí a wá wọlé, tí wọ́n gbé àwọn kọ́ọ̀sì tó lérò púpọ̀ sórí ayélujára fún àwa náà, ojú mi là.

Lẹ́kíṣọ̀ á fi líǹkì Zoom ọ̀fẹ́ ránṣẹ́, èyí tí kì í kọjá ìṣẹ́jú 40. “Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ tẹ nǹkan síbẹ̀ bí ẹ bá ń gbọ́ mi.” Ìyẹn á jẹ mẹ́wàá nínú ìṣẹ́jú náà. Ẹnì kan á ti gbàgbé láti pa maikí rẹ̀, ìyá rẹ̀ á máa pè é kó wá gbé omi kaná, gbogbo kíláàsì á máa gbọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ń wọni létí báyìí ni Zoom máa já. Bí a bá tún wọlé, àwa tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ò lágbára ti dẹni ìta nìyẹn. Èmi fẹ́ràn kí n jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ju ìyẹn lọ. Ohùn lẹ́kíṣọ̀ kì í já níbẹ̀.

Lẹ́kíṣọ̀_Tó_Ti_Rẹ̀
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, mo ní kí n má dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Dátà, dátà, dátà! Dátà yìí kan náà lẹ fi ń wo TikTok títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Mo ṣe kíláàsì lórí ayélujára, orúkọ tó wà níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo pe ẹnì kan, kò dáhùn. Mo pe ẹlòmíràn, kẹ́kẹ́ pa. Ẹnì kẹta ló dáhùn, ó ní “present, sir”, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ni mo bi í! Wọ́n á wọlé, wọ́n á gbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á lọ fọ aṣọ.

Àwa náà ńkọ́? Ta ló ń ra dátà fún wa? Epo tí mò ń bù sí jẹnẹrétọ̀ nítorí kíláàsì, àpò ara mi ló ti ń jáde. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń lo póótálì, wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n fi àwòrán hàn wá lára ògiri, wọ́n pín mííìtì páì, ó di ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ kò tíì gba nǹkan yìí, ẹ wá ń béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ gbà á.

Dátà_Ti_Tán
Ẹ má bínú sà, ẹ kú wàhálà wa. TikTok tí ẹ rí yẹn, dátà òru ni, èyí tó máa ń kú nígbà tílẹ̀ bá fẹ́ mọ́. Bí ẹ bá lè gbé kíláàsì sí aago méjì òru, iwájú lẹ máa bá mi.

Wòlíì_Kọ̀ǹpútà
Iṣẹ́ ICT ni mò ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa ń rí lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Púpọ̀ nínú àwọn póótálì tí ẹ ń bú yìí, bí ẹ bá ṣí aṣọ lójú rẹ̀, Moodle, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe ojú-òpó ẹ̀kọ́, lẹ máa bá. Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ ṣe é, ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 2002, ọ̀fẹ́ sì ni. Moodle fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan fẹ́nì kan. Ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ ni wàhálà. Lẹ́kíṣọ̀ á gbé fóònù, á máa ya fọ́tò hándáàtì àtijọ́ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òjìji orí ara rẹ̀ nínú fọ́tò. Fọ́tò kan lè tó mẹ́gábáìtì 3. Bí hándáàtì bá jẹ́ ojú ewé 40, mẹ́gábáìtì 120 nìyẹn. Ká ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí Word kí wọ́n tó sọ ọ́ di PDF, bóyá ni ìbá fi tó mẹ́gábáìtì kan. Kíláàsì rẹ́ẹ̀pù tó ń wa hándáàtì yẹn lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo èèyàn, ó gbọ́n ni. Kì í ṣe pé wọ́n kọ ẹ̀rọ.

Fídíò náà ńkọ́? Wákàtí kan lórí Zoom, tí gbogbo èèyàn ṣí kámẹ́rà, lè jẹ gígábáìtì kan. Bí ẹ bá gba ohùn nìkan sílẹ̀, tí ẹ fi í sí kílóbíìtì 32 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, odindi wákàtí kan kò ní pé mẹ́gábáìtì 15. Ohùn èèyàn á ṣì ṣe kedere.

Moodle tún ní áàpù orí fóònù. Èèyàn lè wa kọ́ọ̀sì sórí rẹ̀ níbi tí Wi-Fi wà, kó lọ kà á ní Ṣakí láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àmọ́ alábòójútó ojú-òpó ló gbọ́dọ̀ ṣí ààyè yẹn sílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Kò ná wa ní kọ́bọ̀ o. Ìwé àṣẹ ló sùn sórí tábìlì ẹnì kan.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Ní South Africa ní 2020, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ṣí ojú-òpó àwọn fásitì sílẹ̀ lọ́nà tí kò fi jẹ dátà akẹ́kọ̀ọ́, àwọn fásitì kan sì ń fi dátà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn. Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí Dátà_Ti_Tán sọ nípa WhatsApp, ẹ ó rí i pé ẹni tí ọ̀nà bá là fún ló ń gba ibẹ̀.

Láàbù_Ni_Tèmi
Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣàkóso àti èdè lẹ ń jiyàn yìí. Kẹ́mísírì ni tèmi. Bí mo bá ń ṣe títíréṣọ̀n, ìyẹn kíkán omi kan sínú òmíràn títí àwọ̀ á fi yí padà, ẹ̀kán kan ṣoṣo ló máa mú kí omi inú fláàsìkì tí kò ní àwọ̀ kankan di píǹkì fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ̀kán kejì bá já lé e, ó ti kọjá, tún un ṣe. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń mú kọ́ọ̀kì búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí omi ń kán jáde lára rẹ̀, kó má baà ya sílẹ̀. Wọ́n fi fídíò rẹ̀ hàn wá ní ọdún kan, gbogbo wa la yege nínú ìbéèrè rẹ̀. Nígbà tí a dé láàbù, gíláàsì ń fọ́ ni. Ti tíọ́rì, ẹ máa gbé e sórí ayélujára, mo fara mọ́ ọn. Ti láàbù, ẹ fi sílẹ̀ fún wa.

Arúgbó_Akọ̀wé
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ohun àná nílẹ̀ yìí. Láti 1974 ni Fásitì Èkó ti ní COSU, ẹ̀ka tó ń fi lẹ́tà kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, òun ló di Distance Learning Institute tí ẹ mọ̀ lónìí. Ìjọba Shagari dá National Open University sílẹ̀ ní 1983, àwọn ológun tó gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ tì í ní 1984, Ọbásanjọ́ ló wá jí i dìde nígbà tó di ààrẹ. Ọbásanjọ́ yìí fúnra rẹ̀ lọ kàwé níbẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò lórí oyè, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni.

Ohun tí mo fẹ́ kí Àkànjí fi sínú prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà tán, kí ìlú má gbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ka òfin ní NOUN fi ń wo Law School lókèèrè, tí wọn ò rí i wọ̀, torí wọ́n ní ẹ̀kọ́ lẹ́tà ni. Ó di 2018 kí wọ́n tó tún òfin NOUN ṣe. Ọmọ tó ń rí irú èyí, tó ń gbọ́ tí wọ́n ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé “ṣé fásitì gidi lo lọ?”, ẹ má wulẹ̀ bi í bóyá ẹ̀rọ náà rọrùn láti tẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Agége
Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Wọ́n bi èmi náà níbi iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n wá bá mi ṣe TMA alẹ́ kan péré.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds
Níhìn-ín, gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, ó máa ń wà lórí póótálì kí n tó délé. Iná ò lọ, Wi-Fi ò já. Síbẹ̀, inú gbọ̀ngàn ti ń ṣófo, àwọn ọmọ á ní àwọn á wò ó tó bá yá, ó sì di ọ̀sẹ̀ ìdánwò kí wọ́n tó máa fi ìlọ́po méjì eré sáré wò ó. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa lọ́la, ìjà kejì ṣì wà níwájú.

Tíṣà_Ìwádìí
Àkànjí, mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ yẹ irú prójẹ́ẹ̀tì yìí wò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń jọ. Ẹ lọ ka Davis fúnra rẹ̀, ẹ fi ohun tí wọ́n dà kọ láti inú prójẹ́ẹ̀tì ọdún tó kọjá sílẹ̀. Èèyàn 152 ló bi léèrè: òṣìṣẹ́ 112 ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Toronto, àti akẹ́kọ̀ọ́ MBA 40 ní Fásitì Boston. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà àti irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ ló ra kọ̀ǹpútà, ilé-iṣẹ́ ló san owó iná. Kò sí òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ tó ń tẹ nọ́ńbà wo dátà tó kù kó tó ṣí lẹ́tà. Ibo ni owó fẹ́ gbà wọ inú ìlànà rẹ̀?

Ní 2003, Venkatesh, Morris àti àwọn Davis méjì gbé ìlànà tó gbòòrò jù ú lọ jáde. Wọ́n fi ohun tí àwọn tó yí èèyàn ká ń sọ kún un, àti bóyá irinṣẹ́ wà nílẹ̀. Wọ́n sì ní kí a wo bóyá tinútinú ni èèyàn fi ń lò ó tàbí dandan ni. Ó di 2012 kí Venkatesh àtàwọn mìíràn tó mú iye owó wọ inú rẹ̀. Ìlànà 1989 tí wọ́n ní kí ẹ lò, kò sí ojú tó lè fi rí Dátà_Ti_Tán.

Ọ̀rọ̀ dandan yìí ni kí ẹ dì mú. Ìyá_Ìbejì yàn án, kíláàsì yín kò yàn án. Bí ẹ bá da ìdáhùn àwọn méjèèjì pọ̀, ohun tí ẹ máa rí kò ní jẹ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ bẹ ICT, pẹ̀lú àṣẹ, kí wọ́n fún yín ní àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé, láìsí orúkọ èèyàn nínú rẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìbéèrè. Ọ̀rẹ́ yín ló ń bá yín kún ìwé yẹn. Ohun tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ló máa kọ.

Àkànjí_400L
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ti 2012 yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí, màá bá ọ̀gá mi sọ ọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n.

Ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí nǹkan kan. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo wa ń ṣí póótálì fún. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni olùkọ́ rẹ̀ máa ń gbé ìbéèrè kéékèèké síbẹ̀, máàkì sì wà lórí wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe máàkì nìkan. Ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, màmá náà ti dáhùn, ó pe ọmọ náà lórúkọ, ó tún bi í ní ìbéèrè padà. Bó ṣe di pé àwọn tó kù ń dá sí i nìyẹn. Kò sí fídíò kankan lórí kọ́ọ̀sì yẹn o. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni.

Lẹ́kíṣọ̀_Tó_Ti_Rẹ̀
Máàkì ló ń fà yín lọ, ẹ wá ń pè é ní gbígbà. Ẹ yọ máàkì kúrò, ká wo ẹni tó máa kù.

Ìyá_Ìbejì_Agége
Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí obìnrin ti ń kúnlẹ̀. Kíláàsì ojúkojú ńkọ́? Ṣebí ilé ẹ̀kọ́ yín ló ń sọ pé ẹni tí kò bá wá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì kò ní ṣe ìdánwò. Kí lẹ ń pe ìyẹn? Ẹ yọ ìyẹn náà kúrò, ká jọ ka orí àwọn tó máa wá láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Dátà_Ti_Tán
😂😂 Màmá, ẹ má pa wọ́n o.

Lẹ́kíṣọ̀_Tó_Ti_Rẹ̀
Ìyá Ìbejì, màá fún yín lésì lọ́jọ́ mìíràn, mo ní ìwé ìdánwò láti máàkì. Wòlíì, ohùn tí kò pé mẹ́gábáìtì 15 tí ẹ wí yẹn, kí ni mo fẹ́ fi gbà á? Èmi kì í ṣe ọmọ kékeré lórí ẹ̀rọ o, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Wòlíì_Kọ̀ǹpútà
Ẹ fi ọkàn balẹ̀ sà. Áàpù tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ ti wà lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀. Ẹ wọ ibi ètò rẹ̀, ẹ yan èyí tí fáìlì rẹ̀ máa kéré jù. Ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n ọwọ́ kan sí ẹnu, ẹ pa fáànù, ẹ má ṣe é nítòsí jẹnẹrétọ̀. Ẹ gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí bí ọ̀kan bá já lójú ọ̀nà, ìyókù á ṣì wọlé. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dárúkọ ojú ewé hándáàtì tí ẹ wà. Bí ẹ bá ti gba ti àkọ́kọ́ tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá fi bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí póótálì hàn yín lórí fóònù kan náà. Ẹ jẹ́ kó wà ní gúrúùpù kíláàsì náà fún àwọn bíi Dátà_Ti_Tán, ṣùgbọ́n ẹ fi ìbéèrè rẹ̀ sórí póótálì nìkan.

Ọmọ_Òkè_Ògùn
Ẹ̀gbọ́n Wòlíì, áàpù Moodle yẹn, ṣé ó lè dúró lórí fóònù tí ààyè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún? Fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ gbogbo tèmi.

Wòlíì_Kọ̀ǹpútà
Á dúró. Kọ́ọ̀sì kan ni kí o wa sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí o bá kà á tán, pa á rẹ́ kí o tó wa òmíràn. Fọ́tò ìgbéyàwó yẹn, kó o sórí mẹ́mórì káàdì. Kọ́kọ́ bi ICT ilé ẹ̀kọ́ yín bóyá wọ́n ti ṣí i fún áàpù. Bí wọn ò bá tíì ṣí i, kí kíláàsì rẹ́ẹ̀pù kọ lẹ́tà, kí gbogbo yín buwọ́ lù ú, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan dání lọ́wọ́.